Ibà Tó Mú Ògì Hameedah

Ìfọ̀,
Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta, 2025.

Qudrah ọmọ mi,

Àsàlámù aléékùn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ níbẹ̀ yẹn pé iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ ń ṣe, dókítà ni kí o sọ. Láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ogójì èèyàn ni mo ti fi tẹmómítà wọn ibà wọn ní àdúgbò yìí, mi ò sì gba kọ́bọ̀. Wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà wa bí ẹni tó fẹ́ gba ìrẹsì ìjọba.

Ó dáa, inú ààwẹ̀ la wà, kí n dín in kù. Wọn ò pé ogójì. Mẹ́rin ni wọ́n. Nínú mẹ́rin yẹn, èmi nìkan jẹ́ méjì, torí mo wọn abíyá ọ̀tún, mo tún wọn abíyá òsì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni Bádéjọ aládùúgbò wa tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni ewúrẹ́ Bádéjọ, mi ò sì ní sọ ibi tí mo ki gíláàsì bọ̀ lára rẹ̀ fún ọ nínú oṣù mímọ́.

Báwo ni òtútù Hull? Ṣé ó ṣì ń jẹ yín létí? Ìyá rẹ ń kí ọ. Hameedah ọmọ rẹ ń kí ọ. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ó ní àṣírí ni, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni ẹni kẹtàlá tí mo ń sọ ọ́ fún.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ ni pé tẹmómítà mi ti fọ́, èyí gíláàsì tó dàgbà jù ọ́ lọ. O rántí rẹ̀: ìgbà tí mò ń gbálẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì kó tẹmómítà àtijọ́ fún mi pé kí n lọ sọ wọ́n nù, mo sì sọ ọ̀kan nù sínú àpò mi. Ewúrẹ́ yẹn ló fọ́ ọ. Mo ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ ló ṣe jókòó lójijì. Ṣùgbọ́n omi fàdákà inú rẹ̀ rẹwà jọjọ! Bí o bá tọ́ ọ, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, á sá kiri bí ọmọ tó rí ife àgbo. Tó bá ṣe díẹ̀, wọn á tún so pọ̀ bí ẹni pé wọn ò jà rí. Mo kó o sínú agolo ìpara. Hameedah ti ń fi ṣeré láti ìjẹta, kò dà mí láàmú rárá.

Fi òmíràn ránṣẹ́, gíláàsì ni o. Èyí oníbátìrì tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá kò dára. Ó ń ké. Bí mo bá fi í há abíyá, kò ní pẹ́ á ní pí pí pí, ìyá rẹ á sáré wọlé wá ka nọ́ńbà rẹ̀ kí èmi tó rí i. Ǹjẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeé bá gbélé? Ìyá rẹ gan-an ti sọ ara rẹ̀ di adájọ́. Mo ní ara mi ò yá, kí n fi ààwẹ̀ ọjọ́ kan sílẹ̀. Ó ní àfi bí ìgbóná ara mi bá kọjá méjìdínlógójì. Ó ní bàbá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, ara mi le bí òkúta, pé ebi ò tíì di àìsàn. Ìwọ wo ìwà ìkà.

Folúkẹ́ oníkẹ́míìsì á ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí ọ bó ti máa ń ṣe. Fi tìrẹ náà ránṣẹ́ sí i, á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún mi. O mọ̀ pé etí mi ò gbọ́ fóònù; bí o bá ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ń dín ẹyin.

Bàbá rẹ,
Dókítà Màmúdù.


Hull,
Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹnu iṣẹ́ ni lẹ́tà yín bá mi. Mò ń rẹ́rìn-ín bọ̀ títí mo fi dé ibi agolo ìpara, ẹ̀rín náà sì gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Bàbá, ẹ lọ gba agolo yẹn lọ́wọ́ Hameedah. Kí ẹ tó ka ìlà tó kàn, ẹ lọ gbà á.

Ṣé ẹ ti gbà á? Ó dáa.

Ẹ mọ̀ pé ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí olóró láti ilé onílé wá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ pé ẹ ti sọ fún gbogbo Ìfọ̀ pé agbẹjọ́rò ni mí. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gba ọmọ tó ń kó ìdọ̀tí gbọ́. Omi fàdákà yẹn ni wọ́n ń pè ní mákúrì. Bí arúgbó kan níbí bá gbé tẹmómítà bíi tiyín wá fún wa, ìbọ̀wọ́ la fi ń gbà á, inú ìgò tó ní ìdérí dídì la sì ń fi í sí. Kò ní ta yín lọ́wọ́ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Ńṣe ló ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, ẹni tó wà nítòsí á sì máa mí i símú. Ọpọlọ àti kíndìnrín ló ń bá jà. Bí ibẹ̀ bá pa mọ́, tó sì móoru, ó burú sí i. Ọmọdé ló sì ń tètè mú.

Níbi tó fọ́ sí, ẹ ṣí fèrèsé, kí Hameedah má débẹ̀. Ẹ má fi ọwọ̀ gbá a. Ọwọ̀ á sọ ẹyọ kan di igba. Páálí líle méjì ni kí ẹ fi rọra dà á jọ. Kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ gbọọrọ, ohun tó bá dán, òun nìyẹn. Èyí tó bá kéré jù, ẹ fi tépù lẹ̀ ẹ́ kúrò nílẹ̀. Inú ìgò ni kí gbogbo rẹ̀ wọ̀, kí ẹ dé e pa. Ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má sì dáná sun ohunkóhun tó bá kàn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ibo gan-an ló fọ́ sí? Mo pe Ìyá mi, wọ́n ní àwọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó fọ́. Ẹ dáhùn lónìí, Bàbá. Ọmọ mi ló wà lọ́wọ́ yín.

Ọmọ yín,
Qudrah.


Hull,
Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ọjọ́ kẹta rèé. Mo pe Folúkẹ́, ó ní òun wà ní Redemption Camp, ṣọ́ọ̀bù òun wà ní títì, ọ̀la lòun ń padà sí Ìfọ̀. Lẹ́tà mi ò tíì tẹ̀ yín lọ́wọ́ nìyẹn. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe ju kí n tún kọ òmíràn lọ.

Ìyá mi ti gba agolo náà lọ́wọ́ Hameedah, wọ́n ti dì í. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì yíká yàrá, yíká fáràndà, títí dé ibi tí Bádéjọ ń so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́. Wọn ò rí ẹyọ kan. Ó pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, Bàbá. Mákúrì tó bá kanlẹ̀ kì í ṣeé kó tán. Ó gbọ́dọ̀ ku ọ̀kan níbì kan.

Ibo lẹ ti kó tiyín?

Qudrah.


Ìfọ̀,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹta, 2025.

Agbẹjọ́rò mi,

Àsàlámù aléékùn. Folúkẹ́ ti Camp dé, ó sì fi lẹ́tà méjèèjì lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ kùtù bí ìwé ìpẹ̀jọ́. Ó ní òun gbàdúrà fún mi níbẹ̀. Mo ní, kí lo bá mi tọrọ? Ó ní ìrònúpìwàdà. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì yìí kì í bèèrè ohun tí èèyàn ń fẹ́.

Ìyá rẹ ti da ilé rú. Ó gbé ẹní síta, ó gbé tìmùtìmù síta, ó gbé èmi náà síta. Ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ilẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Bádéjọ ń kọjá lánàá, ó ní, “Ìyá Qudrah, kí ló sọnù?”

Ìyá rẹ ní, “Làákàyè ọkọ mi.”

Bádéjọ ní, “Ẹ̀yin náà, ìgbà tí ẹ̀ ń fẹ́ wọn ló yẹ kí ẹ ti tan tọ́ọ̀ṣì.”

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn, mo purọ́ mọ́ ọn. Ewúrẹ́ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì yàrá ni tẹmómítà bọ́ sí. Bí ìyá rẹ ò bá rí ẹyọ kan, á jẹ́ pé mo mọ nǹkan kó ju ẹ̀yin ará Hull lọ. Má da ara rẹ láàmú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àtẹ́lẹwọ́ la fi ń yí omi yìí ṣeré nílé alágbẹ̀dẹ wúrà, ta ló kú? Òótọ́ ni pé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ náà máa ń gbọ̀n, ó gbọ̀n títí kò fi lè mú ẹ̀mú mọ́. Ṣùgbọ́n ọtí la sọ pé ó fà á.

Ọ̀rọ̀ mìíràn. Fúláàsì pupa tí o fi ránṣẹ́, èyí tí ìyá rẹ máa ń da ògì Hameedah sí láti ìdájí sààrì kó lè gbóná di ìgbà tí ọmọ bá jí, wọ́n ti jí i gbé láàárọ̀ yìí. Ìyá rẹ ní Bádéjọ ni, torí òun ló yá a kẹ́yìn. Ó ti lọ sọ ọ́ sí i lójú. Bádéjọ ní òun ò gbé e, ìyá rẹ ní ta wá ni, wọn ò sì kí ara wọn mọ́. Èmi ò bá wọn dá sí i. Bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, fi òmíràn ránṣẹ́.

Bàbá rẹ,
Màmúdù (mo ti fi iṣẹ́ dókítà sílẹ̀).


Hull,
Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi ń ráhùn.

Mo bá Hameedah sọ̀rọ̀ lórí fóònù Ìyá mi lánàá, nígbà tí Ìyá mi lọ kírun. Ó ní, “Màámi, ògì mi ṣàìsàn lọ́jọ́ kan.”

Mo ní báwo?

Ó ní, “Bàbá fi gíláàsì wọ̀n ọ́n. Mo ní kí lẹ̀ ń ṣe sí ògì mi, wọ́n ní àwọn ń wò ó bóyá ibà ń ṣe é. Ibà ń ṣe é lóòótọ́! Wọ́n wá dà á nù, wọ́n fún mi ní búrẹ́dì.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi.

Bàbá, tẹmómítà tí wọ́n ń fi wọn ara èèyàn kò kọjá méjìlélógójì. Bí ẹ bá kì í bọ ohun tó gbóná gan-an, mákúrì á wú, kò ní ríbi gbà mọ́, ìdí gíláàsì á sì bẹ́. A máa ń rí irú wọn níbí, ẹni tó gbé e wá á máa wo òkè bí a bá bi í pé kí ló kì í bọ̀. Mi ò ní bi yín ní ìdí tí ẹ fi wọn ògì. Mo mọ Ìyá mi, mo mọ ààwẹ̀, mo sì mọ̀ yín.

Fúláàsì ni mo ń bèèrè. Ọjọ́ tí ẹ ka lẹ́tà mi gan-an ló sọnù. Láti ọjọ́ tí ògì ṣàìsàn títí di ọjọ́ yẹn, ṣé inú rẹ̀ ni ọmọ mi ṣì ń mu ògì? Ohun gbígbóná ló wà nínú fúláàsì, ìdérí ló wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí i láàárọ̀, ojú ta ló wà lẹ́nu rẹ̀?

Mo ti ní kí Ìyá mi gbé Hameedah lọ sílé ìwòsàn ìjọba lọ́la. Dókítà á bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì ní mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ bá wọn lọ, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́.

Qudrah.


Hull,
Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Folúkẹ́ ní ẹ gba lẹ́tà mi láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹ kà á lórí ìdúró, ẹ ká a, ẹ fi sápò. Láti ìgbà náà, ẹ ò gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù òun kọjá mọ́.

Ìyá mi ní Hameedah ń jẹun, ó ń sáré, èsì àyẹ̀wò ló kù. Bí mo bá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, wọ́n á ní, “Bi bàbá rẹ.” Ìyá mi tí kì í dákẹ́! Mo ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìdáhùn yín. Ẹ kàn sọ ọ́.

Qudrah.


Ìfọ̀,
Ọjọ́rú, 19 oṣù Kẹta, 2025.

Qudrah,

Àsàlámù aléékùn. Èsì dé láàárọ̀ yìí. Dókítà ní ohun tí wọ́n rí nínú ìtọ̀ Hameedah kéré, kò tó èyí tó lè ṣe é ní jàǹbá. Kí a gbé e padà wá lóṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n tún un wò. Èyí ni mo kọ́kọ́ kọ, torí mo mọ̀ pé òun lo fẹ́ kọ́kọ́ kà. Kó tó dé, ọwọ́ mi ò lè mú bírò. Ìyá rẹ sì ti búra pé òun ò ní bá mi sọ ọ́ fún ọ, pé ọwọ́ tó ṣe é ni yóò kọ ọ́.

Ta lo rò pé ó gbé wa lọ sílé ìwòsàn? Bádéjọ ni. Òun àti ìyá rẹ ò tíì kí ara wọn, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé Hameedah la fẹ́ gbé lọ, ó ti kẹ̀kẹ́ síta kó tó rántí bàtà. Ó bá wa wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán.

Dókítà náà kéré, àfi bí ẹni pé àná ló ṣèdánwò. Ó ní, “Bàbá, ibo ni tẹmómítà náà fọ́ sí?”

Mo ní, “Nílé.”

“Ibo nínú ilé?”

“Apá ibi ìdáná.”

Hameedah ní, “Inú ògì mi ni. Ibà ń ṣe é.”

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ìyá rẹ yíjú sí mi. Ó ní, “Màmúdù.” Láti ìgbà tí a ti bí ọ, Bàbá Qudrah ló ń pè mí.

Dókítà ní, “Ṣé ọmọ yìí mu nínú ògì náà?”

Mo ní, “Rárá. Ó ti gbé ife rẹ̀ wá, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.”

“Ohun tí ògì wà nínú rẹ̀ ńkọ́?”

Mo wo Bádéjọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Mo ní, “Fúláàsì ni. Mo ṣàn án, mo gbé e padà. Òwúrọ̀ méje ló fi mu ògì nínú rẹ̀.”

“Ibo ló wà báyìí?”

“Mo rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀.”

Mo ń retí kí Bádéjọ bú mi. Mo ti ń wá èsì sílẹ̀ dè é. Kò bú mi. Ó dìde, ó ní òun ń lọ wo kẹ̀kẹ́ òun. Ìyá rẹ tẹ̀ lé e síta. Mo gbójú wò wọ́n lójú fèrèsé: ìyá rẹ kúnlẹ̀ fún un nínú iyanrìn, fún ọmọkùnrin tó lè bí.

Lọ́jọ́ kejì, Bádéjọ ló bá mi hú fúláàsì náà. Ó fi ọ̀rá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, “Ṣùgbọ́n Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò kàn wá jẹun nílé mi? Kìrìsìtẹ́nì ni mí. Mò ń jẹun lọ́sàn-án.” Qudrah, mi ò ronú kàn án rárá! A kó fúláàsì àti agolo ìpara sínú ike tó dé pa, a gbé e lọ fún ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò nílé ìwòsàn, ó ní àwọn mọ ibi tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ sí.

Ìyá rẹ ń gbé oúnjẹ síwájú mi lọ́sàn-án lójoojúmọ́ báyìí. Ó ní kí n jẹ, pé àìsàn mi ti hàn sí gbogbo ayé. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

O ní kí n kàn sọ ọ́. Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ ni. Kò sí ohun tó ń ṣe mí, ebi ló ń pa mí. Mo fẹ́ kí ìyá rẹ rí nọ́ńbà tó kọjá méjìdínlógójì, mo sì ti tẹmómítà bọ inú ògì ọmọ rẹ. Ó bẹ́. Mo da ògì náà nù, mo ṣa omi fàdákà tí mo rí, mo gbọn àfọ́kù gíláàsì dànù, mo ṣan fúláàsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí mo ṣàn án tán, mo yọjú wo inú rẹ̀. Ó ń dán. Inú fúláàsì máa ń dán tẹ́lẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé dídán rẹ̀ náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo rí ẹyọ kan tó ń yí nísàlẹ̀. Mo rí i. Mo dé e, mo gbé e padà síbi tí mo ti mú un.

Bàbá rẹ,
Màmúdù.